Bẹ́ríìnì Tánńganran: Omi Ló Ń Pa Tiyín Ni, àbí Iná?

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú. Ìdí-Òrò la wà, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Mo ti ṣèlérí pé a máa sọ̀rọ̀ nípa bẹ́ríìnì kéékèèké tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe, èyí tí àwọn oníbàárà mi máa ń pè ní bẹ́ríìnì tánńganran. Orúkọ náà kò burú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe abọ́ tánńganran náà ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á tẹ ìyẹ̀fun pọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná líle títí yóò fi le koránkorán, wọ́n á wá máa yọ́ ọ títí tí yóò fi máa dán. Àmọ́ orúkọ yẹn náà ló kó mi sí wàhálà, torí mo rò pé tí wọ́n bá ti lè pe nǹkan ní tánńganran, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ọ̀nà tí mo gbà ṣi í ni ọ̀pọ̀ yín máa gbà ṣi í.

Àlàájà kan wà ní Àgùdá, ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé wọn. Adágún omi náà kò tóbi, àmọ́ òun ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa ń kán kulorínì sínú omi díẹ̀díẹ̀. Inú ẹ̀rọ náà, ọ̀pá rọ́bà kan ni kulorínì ń gbà kọjá, rólà mẹ́ta sì ń yí po, tí wọ́n ń tẹ ọ̀pá rọ́bà náà bí ẹni ń fún wàrà. Bẹ́ríìnì ló wà nínú rólà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 608. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló mọ 608: ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 22, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 7. Òun náà ló wà láàárín spinner tí àwọn ọmọ wa ń fi ìka yí kiri ní ọdún 2017.

Ọ̀pá rọ́bà yẹn là. Kulorínì dà sórí àwọn bẹ́ríìnì, wọ́n sì gan. Mo pààrọ̀ rọ́bà, mo fi bẹ́ríìnì irin lásán sí i. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n tún fi gan, torí pé kódà bí rọ́bà náà ò bá tíì là, òórùn kulorínì tó ń yọ nínú àpótí yẹn tó láti jẹ irin. Mo fi èyí tí wọ́n fi irin aláìdípẹtà ṣe sí i. Ìyẹn fara dà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yọ àmì pupa tótòtó, òun náà gan. Ni mo bá lọ ra tánńganran. Owó rẹ̀ pọ̀. Mo sọ fún Àlàájà pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, eléyìí ò ní dípẹtà láyé."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n pè mí. Àárọ̀ Sátidé ni, àwọn ọmọ ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, omi ti di àwọ̀ ewé, àwọn òbí dúró síbẹ̀. Wọ́n dá owó padà fún gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé, Àlàájà ò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹnjiníà, ṣé torí pé mi ò mọ bẹ́ríìnì lo ṣe ń tà á fún mi?" Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

A tú u sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi, tó máa ń fi òòfà ṣeré, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, òòfà mú un o." Tánńganran tí òòfà ń mú kẹ̀? Àwọn ọmọ inú rẹ̀ funfun báláú, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Òrùka inú àti òrùka òde ló ti dípẹtà bíi ìṣó àtijọ́.

Ẹni tó tà á fún mi kò parọ́. Mo ní kó fún mi ní bẹ́ríìnì sẹ̀rámíìkì, sẹ̀rámíìkì ló fún mi. Èmi ni mi ò mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi í.

Ẹ jẹ́ ká tú bẹ́ríìnì kan palẹ̀ nísinsìnyí. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀: òrùka òde, òrùka inú, àwọn ọmọ roboto tó ń yí láàárín wọn, àti kéèjì, ìyẹn ohun tó ń ya àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn. Àwa tí a dàgbà ní Múṣìn mọ̀ ọ́n dáadáa, bẹ́ríìnì tí mẹkáníìkì bá ti jù nù la fi ń ṣe táyà ọkọ̀ onípákó wa. Nígbà tí ọjà bá ń sọ "sẹ̀rámíìkì," ohun méjì ló lè túmọ̀ sí. Èkíní ni àdàlù: òrùka méjèèjì jẹ́ irin, àwọn ọmọ nìkan ni sẹ̀rámíìkì. Èkejì ni ògidì: òrùka àti ọmọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì. Èmi ni mo sọ wọ́n ní àdàlù àti ògidì o, ẹ má lọ wá a nínú ìwé. Àdàlù ni mo rà fún Àlàájà. Omi kulorínì ò bìkítà pé àwọn ọmọ kò lè dípẹtà, òrùka ló jẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ sẹ̀rámíìkì, ẹ gbé bẹ́ríìnì tó kú sórí tábìlì, kí ẹ béèrè ohun tó pa á. Omi àti kẹ́míkà ni, àbí iná? Òkú àwọn méjèèjì ò jọra. Èyí tí omi pa, ẹ máa rí ìpẹtà pupa, ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kò ní ètò, gírísì rẹ̀ a ti dà bí ọṣẹ tó yọ́. Èyí tí iná pa, gírísì rẹ̀ a dúdú bí èédú, bí ẹ bá sì gé òrùka òde sí méjì, ẹ máa rí ìlà tó tò tẹ̀lé ara wọn bíi ti páànù òrùlé. Kó tó kú, ariwo rẹ̀ kì í ṣe gìrìgìrì, ó máa ń hùn ni, bí oyin tó há sínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká fi ti iná ṣíwájú, torí òun ló rọrùn. Òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ra VFD sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń ṣàkóso eré mọ́tò, kí mọ́tò má baà máa sáré kan náà nígbà gbogbo. Inú rẹ̀ dùn. Kò tó ọdún kan, bẹ́ríìnì mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún hùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé VFD kì í fún mọ́tò ní iná tó ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ìjọba. Ó máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gígé yẹn, iná díẹ̀ máa ń gun orí ṣáàfù. Gírísì tó wà láàárín ọmọ àti òrùka ló ń dá a dúró. Bí iná náà bá pọ̀ tó, á fò kọjá gírísì, á ta pá, á sì yọ́ irin níbi tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ẹ wá fi ìyẹn ṣe lọ́sàn-án lóru fún oṣù mélòó kan.

Àdàlù ni oògùn èyí. Sẹ̀rámíìkì kì í gbé iná, nítorí náà bí àwọn ọmọ bá jẹ́ silicon nitride, iná ò rí ibi fò gbà, kódà bí òrùka bá jẹ́ irin. Ẹni tó bá ra ògidì fún irú iṣẹ́ yìí ń fi owó ṣòfò ni, ó sì tún ń gbé ohun tó lè fọ́ síbi tí ohun tó gbó irin ti lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ má ṣe fi àdàlù sí apá kan mọ́tò kékeré kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀, apá kejì yẹn ni iná máa gbà. Bí ẹ bá sì ti dí mọ́tò pa pátápátá, ẹ ronú nípa ohun tí mọ́tò náà ń yí. Iná lè gba ṣáàfù kọjá lọ jẹ bẹ́ríìnì tinú pọ́ǹpù tàbí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹ́ẹ̀tì kan ti ṣáàfù, kí iná ní ọ̀nà tó rọrùn tí yóò gbà sálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ sọ nípa àwọn wẹ́dà wa. Bí wẹ́dà bá ń jó nǹkan mọ́ ara ẹ̀rọ, tó wá fi ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbá ìdí kejì ẹ̀rọ náà, inú bẹ́ríìnì ni iná yóò gbà kọjá padà. Ẹ má ra sẹ̀rámíìkì nítorí ìyẹn. Ẹ ní kó gbé ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ súnmọ́ ibi tó ń jó. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku ti omi àti kẹ́míkà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ògidì la nílò níbẹ̀, oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ sì ni zirconia àti silicon nitride. Zirconia sábà máa ń funfun bí eyín erin, silicon nitride a máa dúdú tàbí kó ní àwọ̀ eérú. Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan ṣá, zirconia dúdú náà wà. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, zirconia ni mò ń mú. Ó rọ̀ wọ́n ní owó ju ìkejì lọ, kò sì gbẹgẹ́ tó o. Ìdí pàtàkì mìíràn wà: ṣáàfù wa, irin ni. Bí ooru bá mú irin fẹ̀ ní ìwọ̀n 12, zirconia á fẹ̀ tó bíi 10, àmọ́ silicon nitride ò ní fẹ̀ ju bíi 3 lọ. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ ti ṣáàfù irin wọ inú òrùka silicon nitride tó fún pinpin, ẹ̀rọ wá gbóná. Ṣáàfù ń wú, òrùka ò wú. Kàù, ó ti là nìyẹn.

Ibi kan wà tí mi ò ní fi zirconia sí láé, ìyẹn ibi tí omi gbígbóná tàbí sítíìmù wà nígbà gbogbo. Ó máa ń jẹ ẹ́ nínú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìpẹtà tí ẹ máa rí. Ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lọ́nà líle: ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ kan ní Faransé kó orí egungun ìtàn àtọwọ́dá tí wọ́n fi zirconia ṣe padà lọ́jà, nítorí pé àwọn kan ń fọ́ nínú ara aláìsàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ silicon nitride ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀rọ tí dókítà eyín fi ń gbẹ́ eyín. Dókítà kan ní Yábà máa ń gbé tiwọn wá fún mi. Bẹ́ríìnì inú rẹ̀, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.175, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.35, ó kéré ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì ń yí ju ìgbà 300,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e sínú ìkòkò sítíìmù tó gbóná dé 134 lórí ìwọ̀n Celsius. Irin wúwo jù fún eré yẹn. Ìwọ̀n silicon nitride jẹ́ bíi ìdá méjì nínú márùn-ún ti irin, nítorí náà kì í fi agbára tó bẹ́ẹ̀ ta mọ́ òrùka òde bó ṣe ń sáré. Ọmọ silicon nitride yìí kan náà ló wà nínú pọ́ǹpù tó ń ti ọ́síjìn olómi nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Discovery tí Amẹ́ríkà fi lọ sí òfurufú ní July 1995. Mo máa ń sọ ìyẹn fún dókítà náà kí owó tí mo bá pè má baà yà wọ́n lẹ́nu jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti Àlàájà. Mo ti mọ̀ pé ògidì zirconia ni mo nílò, mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kéèjì! Èyí tí mo kọ́kọ́ rí ní kéèjì nylon nínú, kulorínì líle sì máa ń jẹ nylon. Òrùka máa wà, ọmọ máa wà, kéèjì á ti di ẹ̀rún, gbogbo ọmọ á wá kóra jọ sí apá kan. PTFE ni kéèjì tó yẹ níbẹ̀, ohun funfun yọ̀tọ̀yọ̀tọ̀ tó wà lára páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: ó máa ń fi ara rẹ̀ pa àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń yí, nítorí náà bẹ́ríìnì náà lè ṣiṣẹ́ láìsí gírísì kankan. Ẹ má fi gírísì sí i. Kulorínì á kàn sọ gírísì yẹn di ẹrọ̀fọ̀ ni. Á máa dún ju ti irin lọ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Kí ẹ sì mọ̀ pé tánńganran náà ní ohun tó ń jẹ ẹ́. Ásíìdì hydrofluoric, èyí tó ń jẹ gíláàsì, máa ń jẹ zirconia, ó máa ń jẹ silicon nitride náà. Ẹ béèrè orúkọ kẹ́míkà lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹ sì béèrè bó ṣe le tó àti bó ṣe gbóná tó. "Omi kan báyìí tí a fi ń fọ nǹkan" kì í ṣe orúkọ.

Ìgbà mìíràn wà tí ìdáhùn kì í ṣe sẹ̀rámíìkì rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ Yabatech kan wá bá mi, ó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa gbé pátákó iná kọjá nínú ferric chloride, oògùn tó ń jẹ bàbà. Ó ti tọ́jú owó zirconia. Mo bi í pé kí ni rólà rẹ̀ máa gbé. Pátákó tí kò wúwo tó búrẹ́dì, tó ń lọ bí ìgbín. Mo fún un ní bẹ́ríìnì oníke: òrùka polypropylene, ọmọ gíláàsì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára ti zirconia. Kì í gbé ẹrù, kì í sáré, àmọ́ ta ló ní kó sáré? Kìkì pé kí ẹ yẹ oríṣi ike náà wò. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni acetal, kulorínì àti ásíìdì sì máa ń jẹ ẹ́.

Ti ọjà ló kàn. Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ríìnì, ẹ mú ohun mẹ́ta dání. Òòfà: bó bá mú òrùka, àdàlù ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Mítà iná: ẹ fi ẹnu kan kan òrùka inú, kí ẹ fi ìkejì kan òrùka òde, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí mítà bá dún, irin ni àwọn ọmọ inú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá kùn ún ní dúdú. Ẹ̀kẹta ni òṣùwọ̀n kékeré bíi ti àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù. 608 onírin tí kò ní ìdérí jẹ́ bíi gíráàmù 12. Ti ògidì zirconia á wà ní agbègbè 9, ti ògidì silicon nitride á wà ní agbègbè 5. Kò sí ẹni tó lè kun ìwọ̀n. Lára ti SKF, bí ẹ bá rí HC5 nínú nọ́ńbà rẹ̀, àdàlù ọmọ silicon nitride nìyẹn. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní àmì tiwọn, ẹ wo ìwé wọn.

Kí ẹ má sì lu ògidì ní hámà. Mo mọ̀ pé bí a ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, páìpù kan àti hámà kan. Irin máa ń dárí jì wá. Ògidì ò ní dárí jì yín. Ọwọ́ ni kó ti i wọlé, kó wọ̀ ọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá fi ohun mìíràn dì í mú kó má yọ̀.

Mo fi owó ara mi ra mẹ́fà tí mo fi sí ẹ̀rọ Àlàájà, méjì nínú rólà kọ̀ọ̀kan. Mo tún kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ ọ̀pá rọ́bà sára àpótí náà, torí rọ́bà tó là ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, kò sì sí tánńganran tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́. Àlàájà ṣì máa ń pè mí ní àárọ̀ Sátidé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kí mi, àyà mi sì máa ń já kí n tó gbé e.

Bí ẹ bá ní bẹ́ríìnì tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ránṣẹ́, orúkọ ohun tó ń dà sí i, àti fọ́tò òkú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e sí méjì. Ẹ má nù ún kí ẹ tó ya fọ́tò. A máa mú mélòó kan nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.